Wọ́n Gbé Ojú Wa, Wọ́n Fi Ẹnu Wa Sílẹ̀

Lóru Ẹ̀fẹ̀, òru orin Gèlèdé, ní Kétu ilẹ̀ Benin, Apaná ni kámẹ́rà kọ́kọ́ máa ń ṣẹ̀. Arábì Ajígbálẹ̀ ti wá gbá ojú agbo, Agbéná ti gbé iná orí rẹ̀ kọjá, ẹ̀yìn wọn ni Apaná ń jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bá wá: kí gbogbo iná kú. Fìtílà, tọ́ọ̀ṣì, sìgá tó ń jó lọ́wọ́ ẹnìkan níkọ̀rọ̀, ojú fóònù, gbogbo rẹ̀ ni. Inú òkùnkùn yẹn ni Tètèdé ti ń bọ̀, òun ni yóò ké sí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, olórin tí gbogbo èrò jókòó dè. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó gbé kámẹ́rà wá láti Kútọnù máa ń tan iná LED rẹ̀ wàì, nítorí pé àwòrán dúdú kò ṣe é fi hàn lórí tẹlifísọ̀n. Àwọn àgbà á pariwo mọ́ ọn, òun náà á pa iná rẹ̀, á di ẹrù rẹ̀, á lọ sùn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni á padà wá, nígbà tí oòrùn ti là, á ya ijó.

Ijó ọ̀sán yẹn ni ìlú Kútọnù àti gbogbo Benin yóò mọ̀ sí Gèlèdé.

Bẹ́ẹ̀ apá méjì ló ní. Òru jẹ́ ti Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán jẹ́ ti ijó. Lóru, olórin kan tó fi aṣọ bojú lábẹ́ orí igi rẹ̀ yóò júbà àwọn ìyá wa àti àwọn tó ti ṣáájú, yóò sì máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orin náà ló ń ṣe iṣẹ́. Ó ń súre, ó ń pìtàn ìlú, ó ń bú olè, ó ń fi ọkọ tó ń na ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dárúkọ ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ó ń bi àwọn aláṣẹ pé ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn ó ṣe dà. Lọ́sàn-án, àwọn orí igi tí a kùn lọ́dà á máa jó ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ wọn á sì máa bá ìlù mu wẹ́kú. Ní 2001, UNESCO kéde Gèlèdé pé ó jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ ńlá àjogúnbá ọmọ aráyé. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Láti ìgbà náà, ṣàṣà ni ìwé ìpolówó arìnrìn-àjò nípa Benin tí orí Gèlèdé kì í sí nínú rẹ̀. Orí náà dára, kò sí àní-àní. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yin tó ń wò ó kò ní gbọ́ ohun tó sọ.

Ìdí tí ẹnu fi ń sọnù pọ̀, iná sì ni èyí tó kéré jù nínú wọn. Èyí tó le jù wà ní yàrá tí wọ́n ti ń gé àwòrán. Ẹni tó ń gé orin gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Bí kò bá gbọ́ èdè, agbede méjì ọ̀rọ̀ ni yóò gé e sí, yóò wá dà bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ bo olórin lẹ́nu. Òun náà á mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan kò dọ́gba. Kí ó má bàa hàn, yóò rẹ ohùn orin sílẹ̀, yóò gbé ohùn oníròyìn lé e lórí ní Faransé. Orin tó gbà tó wákàtí mẹ́fà lóru di ìró abẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ lè sọ̀rọ̀ sí ènìyàn ní gbangba Kétu, kí onítọ̀hún jókòó síbẹ̀, kí ó fi ẹ̀rín bo ìtìjú, nítorí òru náà ló fún olórin láṣẹ. Tí ọ̀rọ̀ kan náà bá jáde láti ibùdó rédíò lọ́jọ́ kejì, ó ti di ẹ̀sùn. HAAC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìròyìn ní Benin, lè pe ibùdó náà. Ilé ẹjọ́ lè pè é. Olóòtú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró kí wọ́n pe òun. Ijó ni yóò fi síta.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ orílẹ̀-èdè bí ẹni mọ ìkòkò. A fẹ́ràn láti máa wí pé ìjọba ló jókòó, tó ní kí wọ́n pa àwa Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, lẹ́nu mọ́. Èmi ò rí ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni iná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé àwòrán, owó epo láti Kútọnù dé Kétu àti ìbẹ̀rù ìwé ìpè. Nígbà tí gbogbo wọn bá pàdé lójú kan, ohun tó máa ń jáde níkẹyìn ni pé àwọn Nàgó jẹ́ ènìyàn tó mọ ijó jó.

Ẹ wo ìwé ìròyìn ìjọba. Ní 1969, Daho-Express lorúkọ rẹ̀. Ní 1975 ó di Ehuzu. Ní 1990 ó di La Nation. Ìwé kan náà, iṣẹ́ kan náà, orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún mọ́kànlélógún, bí ọmọ tí wọ́n ń tún sọ lórúkọ nígbàkigbà tí ìyá rẹ̀ bá tún ọkọ ní. Ehuzu jẹ́ ọ̀rọ̀ Fọ̀n, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti yí padà. Ẹni tó jẹ́ Fọ̀n ka ìròyìn lára orúkọ ìwé náà kó tó ṣí i. Ará Ṣábẹ̀ẹ́, Nàgó tí kò gbọ́ Fọ̀n, rí orúkọ lásán. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe é láti fi dùn ún. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ ìlú tí yóò rọ́pò ọ̀rọ̀ Faransé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn Kútọnù ń sọ ni wọ́n rí mú.

Ní 30 November 1975 ni Mathieu Kérékou, olórí ìjọba nígbà náà, yí orúkọ ilẹ̀ náà padà láti Dàhòmì sí Benin, wọ́n sì yọ Dàhòmì kúrò nínú orin orílẹ̀-èdè, wọ́n fi Benin sí i. Dàhòmì jẹ́ orúkọ ìjọba Àgbómẹ̀, ọ̀kan péré nínú ọ̀pọ̀ ìjọba tó wà lórí ilẹ̀ yìí. Inú òkun ni wọ́n ti mú Benin wá, lára orúkọ omi tí ilẹ̀ náà kọjú sí, kí ẹnì kankan má bàa lè sọ pé ti bàbá òun ni. Ní Kétu, orúkọ Dàhòmì ní ìwúwo tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Àgbómẹ̀, nígbà ọba Glèlè, ni wọ́n sàga ti Kétu, tí wọ́n sì fọ́ ọ ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ó di nǹkan bí 1894 kí ìlú tó tún dìde. Odi tí a rí ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè Kétu, lónìí, nítorí irú ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ọ́n.

Ẹ wá wo 2022. Ní 30 July ọdún náà ni wọ́n ṣí ère obìnrin ológun Àgbómẹ̀ ní Kútọnù, ọgbọ̀n mítà ní gíga. Wọ́n tún ṣí ère Bio Guéra, akọni àwọn Baatonu, lórí ẹṣin. Ìhà gúúsù ní tirẹ̀, ìhà àríwá ní tirẹ̀. Ọdún kan náà ni fíìmù Amẹ́ríkà ńlá kan nípa àwọn obìnrin ológun yìí jáde kárí ayé. Ṣáájú ìyẹn, ní November 2021, ohun iyebíye 26 tí àwọn Faransé kó láti ààfin Àgbómẹ̀ ti padà dé, èrò sì ya lọ wò wọ́n ní ààfin ààrẹ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 47 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi orúkọ Dàhòmì sílẹ̀ kí ó má bàa jẹ́ ti ẹnì kan, àwòrán rẹ̀ padà wá, ó sì di ojú tí gbogbo ilẹ̀ fi ń kí àlejò.

Mi ò bínú sí ère náà. Obìnrin tó dìhámọ́ra, tó dúró gbọin-gbọin, tí kò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọbìnrin wo ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń ta ilẹ̀ kan fún arìnrìn-àjò sì nílò àwòrán kan ṣoṣo tí ojú kò ní gbàgbé. Ojú mẹ́wàá kì í wọ ara ẹ̀wù kan. Àmọ́ Abẹ́òkúta mọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní 1851 àti 1864, Kétu sì mọ̀ wọ́n dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé ìwé ní Kétu tó wọ ẹ̀wù tó ní àwòrán ère náà láyà, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ tó ń sọ ìtàn ogun, ó ní Benin méjì lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé, tẹlifísọ̀n àti fíìmù fún un ní ọ̀kan. Ekejì, ẹnu ìyá àgbà ló wà, tí ẹnu ìyá àgbà bá sì dákẹ́, ó di inú orin Ẹ̀fẹ̀. Orin yẹn ni wọ́n gé.

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé Àgbómẹ̀ nìkan ló jẹ orúkọ Dàhòmì: ẹ jẹ́ ká rántí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, olùkọ́ àti akọ̀wé ìròyìn, ló gbé Le Messager Dahoméen jáde ní Paris ní 1920. Nígbà tí rògbòdìyàn owó orí bẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1923, wọ́n lé e lọ sí Mọriténíà. La Voix du Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni Gun, Nàgó, Fọ̀n àti Àgùdà ti kọ́kọ́ ń pe ara wọn ní ọmọ Dàhòmì, ní èdè Faransé, láti fi bá Faransé jà. Bébà ló sọ wọ́n di ọ̀kan kí òmìnira 1960 tó dé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé wọ́n fi orúkọ Àgbómẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀, ká tún sọ pé àwọn bàbá wa kan ní Àjàṣẹ́ fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ náà sí iwájú ìwé, wọ́n sì jìyà fún un.

Bébà ti kúrò nípò aṣáájú báyìí o. Rédíò ni, òun sì ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ka Faransé. Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá ìròyìn ibùdó kékeré kan lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ tí Ìgbìmọ̀ Mínísítà máa ń jókòó. Ìwé àbájáde ìpàdé á dé lọ́sàn-án, ojú ewé mélòó kan ní Faransé. Bí wákàtí kan bá wà fún èdè mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kan Nàgó. Yọ orin ìbẹ̀rẹ̀, ìkíni àti ìdágbére, ó ku bí mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kò lè gbà ju ìròyìn mẹ́rin lọ bí ẹni tó ń kà á kò bá fẹ́ sáré, Yorùbá tí a sáré kà sì ń pàdánù ohùn, ohùn tó bá ti lọ, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn. Mẹ́rin wo? Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́rin tó ṣáájú nínú ìwé Faransé ni. Iṣu tó jẹrà ní Ṣábẹ̀ẹ́ nítorí afárá tó já, ó wà ní ojú ewé kẹta, bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ètò Kútọnù ṣe di ètò ọkàn ará Ṣábẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ ní kòtò tirẹ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbí.

Kòtò kìíní ni owó. Milliard kan ní Faransé jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Rédíò Nàìjíríà ń pe iye yẹn ní bílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n billion ní Faransé jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, ìyẹn ni pé ó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti Nàìjíríà lọ. Bí olùtumọ̀ bá sọ fún ará Àjàṣẹ́ pé ìjọba fi bílíọ̀nù márùn-ún sẹ́fà ṣe ọ̀nà, oníṣòwò tó ń gbọ́ rédíò Èkó gbọ́ iye kan, olùkọ́ tó kàwé ní Faransé gbọ́ òmíràn, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nípa ẹni tó jí owó. Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù márùn-ún ni kí ó sọ. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí kò ní yé.

Kòtò kejì ni oyè. Benin pín sí département 12 àti kọ̀múùnù 77. Àjàṣẹ́ wà ní Ouémé, Kétu wà ní Plateau, Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Collines. Ẹni tó bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rédíò Abẹ́òkúta yóò pe département ní ìpínlẹ̀, yóò sì pe préfet ní gómìnà. Wàyí o, gómìnà Ògùn, ènìyàn dìbò fún un. Préfet, ìjọba ló yàn án. Ẹni tó ti gbọ́ gómìnà fún ọdún márùn-ún á máa bèèrè ìgbà tí ìdìbò gómìnà yóò dé. Préfet ni kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fi gbólóhùn kan tì í: ẹni tí ìjọba rán wá ṣàkóso Plateau. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn ò ní nílò àlàyé mọ́.

Ọdún náà ń ṣòro. Lẹ́nu ẹni tó ń kàròyìn, 1990 sábà máa ń jáde ní Faransé láàárín gbólóhùn Nàgó, bí òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹgbàá ó dín mẹ́wàá ni. Òmìnira 1960, ẹgbàá ó dín ogójì. Ó rọrùn lẹ́nu bẹ́ẹ̀, kò sì gba àkókò ju ti Faransé lọ.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán ni orílẹ̀-èdè. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: orílẹ̀, èdè. Èdè wà nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìwé àti rédíò Nàìjíríà mú gbajúmọ̀ ni, àwa náà sì gbà á lò. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ 11 December 1990 sọ pé Faransé ni èdè ìjọba Benin, ó sì fún ìran kọ̀ọ̀kan ní òmìnira láti lo èdè tirẹ̀. (Òfin kan náà ló sọ pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú. Ààfin ààrẹ ń bẹ ní Kútọnù.) Orílẹ̀-èdè Benin, èdè ta ni? Bí a bá pè é ní ìlú wa, ará Ṣábẹ̀ẹ́ yóò gbọ́ Ṣábẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá sọ pé olórí ìlú wa sọ̀rọ̀ lánàá, Oníṣábẹ̀ẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Nínú ìròyìn, ilẹ̀ Benin ni mo fara mọ́. Ilẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè èdè.

Orúkọ èdè pàápàá kò tíì fìdí múlẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn 2013, Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún; Fọ̀n àti àwọn tó bá wọn tan jẹ́ 38.4. Àmọ́ nígbà tí rédíò bá ń pín àkókò, Nàgó lọ́tọ̀, Ìdáàṣà lọ́tọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́tọ̀, Ọ̀họ̀rí lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá pe ètò náà ní Yorùbá, àwọn kan á ní ti Nàìjíríà ni. Tí wọ́n bá pè é ní Nàgó, ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè ní kì í ṣe tòun. Orúkọ tó bá wà lórí ètò ló ń sọ fún ọmọ tó ń gbọ́ ọ bóyá ẹbí rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré.

Nàìjíríà ní tirẹ̀ ń wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ìgbì FM a máa rìn gbọnrangandan, kì í yípo òkè. Òpó tó ga ní ogójì mítà ń rí ìwọ̀n kìlómítà 26 kí ilẹ̀ tó tẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Bí rédíò olùgbọ́ bá ga díẹ̀, ó lè tó ọgbọ̀n. Ibùdó tó lówó tó gbé òpó rẹ̀ ga tó igba mítà ń rí ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ààlà kò jìnnà, ohun tó bá jáde lókè lọ́hùn-ún ń bọ́ sí etí wa. Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀: àwọn òkè olókúta tó gbajúmọ̀ yẹn ń dí ìgbì lọ́nà, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè á gbọ́ ariwo ṣáá nígbà tí ìlú tó wà níwájú ń gbọ́ ìròyìn kedere. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi kún agbára ẹ̀rọ kó tán. Ẹ gbé òpó gun orí òkè, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gíga òpó àti ibi tó wà ló ń pinnu bóyá abúlé kan mọ ààrẹ rẹ̀ ju ti aládùúgbò lọ.

Fíìmù kò nílò òpó. Inú káàdì fóònù ló ń gbà wọlé, láti ọjà dé ọjà. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń wo fíìmù Yorùbá Nàìjíríà lójoojúmọ́ mọ EFCC, ó mọ JAMB, ó mọ bí ọlọ́pàá Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kó tó lè ṣeré tirẹ̀ lórí fóònù, á kọ́kọ́ fi ohùn Ìbàdàn rọ́pò ohùn ilé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olùwòran pọ̀ sí. Èyí kò burú bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Fíìmù yẹn ni ibì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń rí àgbàlagbà tó wọ aṣọ dáadáa, tó ń sọ Yorùbá, tí kì í ṣe pé ó ń jó. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ìlú Benin nínú rẹ̀. Kútọnù lásán ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ wa níbẹ̀, ibi tí ọ̀daràn máa ń sá lọ nígbà tí eré bá ń parí.

Ìwé kíkọ tún dá kún un. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti tún un ṣe. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ ni a ń kọ níbi tí Nàìjíríà ti ń fi àmì sísàlẹ̀. Sh dúró fún ṣ, kp dúró fún p. Ọ̀pẹ tí ẹ̀yin ń kà yìí di ɔ̀kpɛ. Ó bọ́gbọ́n mu, Fọ̀n àti Nàgó lè fi lẹ́tà kan náà kàwé. Ṣùgbọ́n Bíbélì, ìwé ìtàn àti gbogbo ohun tó wà lórí fóònù, ti Nàìjíríà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbàlagbà ní Kétu pẹ̀lú ɔ, tó bá jáde, kò rí nǹkan púpọ̀ kà. Àwa náà ń kọ ti Nàìjíríà níbí. Ẹ rí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú òkùnkùn Kétu, nítorí ìyẹn ṣì ṣe é tún ṣe, kò sì wọ́n.

Iná ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà kí ọjọ́ tó pé, ẹ bèèrè ohun tí a lè ya àti èyí tí a kò gbọdọ̀ yà, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní rárá. Kámẹ́rà tó ní lẹ́ǹsì f/1.8 tó ń gba iná wọlé dáadáa, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ojú rẹ̀ máa ṣí fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ISO, ìyẹn bó ṣe ń rí inú òkùnkùn sí, wà ní 3200, yóò rí nǹkan díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún tan fìtílà. Ẹ fi téèpù dúdú bo iná pupa kékeré tó wà níwájú kámẹ́rà, ẹ yí ojú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà Apaná, ẹ pa á pátápátá. Ohùn nìkan ni kí ẹ máa gbà.

Ohùn náà ni olórí iṣẹ́. Ẹ kò lè so míkírò mọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ lọ́rùn, aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí àlejò ń fọwọ́ kàn, ó sì ń rìn káàkiri. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gbé míkírò sí ẹ̀gbẹ́ ìlù nítorí ibẹ̀ ni ariwo wà. Ìlù á gbé ohùn mì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbè ni kí ẹ lọ, ní mítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ kọ ẹ̀yìn míkírò sí ìlù: ohun tí olórin bá dá, àwọn elégbè á tún un sọ, wọ́n sì pọ̀, ọ̀rọ̀ á mọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ga jù dúró ní ìwọ̀n −12 dB lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ, torí pé nígbà tí gbogbo èrò bá gbè é, á fò sókè lójijì, ohùn tó bá ti fọ́ kò ṣe é tò mọ́. Ní 48 kHz, bíìtì 24, GB kan ló ń jẹ ní wákàtí kan. Káàdì 32 GB tó fún gbogbo òru. Bátìrì ni kí ẹ kó rẹpẹtẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú olórin fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Orin Ẹ̀fẹ̀ kún fún àdììtú, ẹni tí a ń bá wí kò sí nínú ọ̀rọ̀, inú òwe ló wà. Ẹ kọ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ bi í ìtumọ̀, ẹ bi í pẹ̀lú èyí tó fẹ́ kó jáde àti èyí tó fẹ́ kó parí sí Kétu. Bí ẹ bá ń kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ìlà méjì, kí lẹ́tà má ju ogójì lọ ní ìlà kan, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ lójú. Bí elégbè bá ń tún un sọ, ẹ má tún un kọ. Ohùn olórin ni kó wà lókè, kí ohùn oníròyìn dákẹ́.

Ó ku káàdì àlàyé tí a máa lẹ̀ mọ́ ohùn tí a gbà náà kó tó wọ inú àpótí. Èyí tó wọ́pọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: Guèlèdè, Kétou, danse, folklore. Folklore yẹn ló ń gba owó lọ́wọ́ olórin, nítorí BUBEDRA, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọnà ní Benin, kò ní ẹni tí yóò san án fún bí kò bá sí orúkọ. Orin tí ẹnìkan jókòó ṣe fún ọdún yìí, tó bú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, di ohun tí kò ní bàbá. Káàdì náà gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ olórin. Orúkọ àdúgbò àti ti ẹgbẹ́ tó ni orí igi. Ọjọ́, oṣù, ọdún. Ẹni tó ṣáájú ìlù. Ìlà kìíní orin kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Èyí tí olórin ní kí a má fi síta, kí a fi pẹ́ẹ̀nì pupa sàmì sí i.